Ìwé Ìlera fún Ajá Tí Yóò Kọjá Bodè

  Ọ̀rọ̀ ajá ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bí a ti ń fi ajá dẹ̀gbẹ́, nítorí ẹ̀yin ni ẹ lè kọ́ wa ní ìyẹn. Ìwé tí ajá gbọ́dọ̀ ní kí ó tó bá olówó rẹ̀ kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni a fẹ́ là yé yín.

Bóyá ẹ óò rẹ́rìn-ín. Ẹ óò ní, "Ṣé ajá náà tún ń gba ìwé ìrìnnà ni?" Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbà á.

Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Ilẹ̀ Tógò ni ó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa. Bantè bá a pààlà, Savalou náà bá a pààlà. Ọdẹ ń wọ igbó, ajá rẹ̀ ń sáré níwájú. Kò sí ẹni tí ó fi ìlà bodè han ajá rí. Àwọn ará wa mìíràn ń lọ sí Atakpamé lọ́dọ̀ àwọn Ifẹ̀, àwọn mìíràn ń lọ sí Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa kan wà ní Faransé. Bí wọ́n bá wá kí wa, ọmọ wọn lè fẹ́ràn ajá ilé bàbá àgbà, kí ó fi igbe ta pé òun kò ní lọ láìmú un dání. Ìgbà tí ẹrù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìwé kiri. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Ìwé ajá kì í bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ ìrìn àjò. Ọjọ́ tí wọ́n gún ajá ní abẹ́rẹ́ ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ó kù ń tẹ̀ lé ọjọ́ náà, bí ọmọ adìyẹ ti ń tẹ̀ lé ìyá wọn. Bí ọ̀kan bá ya kúrò lójú ọ̀nà, ìwé ti bàjẹ́ nìyẹn.

Kí ni ó dé tí wọ́n ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹranko? Ẹ jẹ́ kí á sọ ìtàn kan. Ní ọdún 1920, wọ́n kó àwọn màlúù kan sínú ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Íńdíà. Ilẹ̀ Bràsíìlì ni wọ́n ń kó wọn lọ. Wọ́n yà ní Antwerp, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Àrùn kan wà lára àwọn màlúù náà tí àwọn Faransé ń pè ní peste bovine. Bí ó bá wọ agbo, ó lè pa á run. Àrùn náà ràn mọ́ màlúù àwọn ará ibẹ̀, wàhálà sì bẹ́ sílẹ̀. Nítorí ọ̀ràn yìí, àwọn orílẹ̀-èdè 28 buwọ́ lùwé ní Paris ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1924. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójú tó àrùn ẹranko ní gbogbo ayé, kí orílẹ̀-èdè kan má baà máa kó àrùn ránṣẹ́ sí èkejì. Ẹgbẹ́ náà wà títí di òní. Àrùn màlúù yẹn ti tán láyé: ní ọdún 2011 ni wọ́n kéde pé kò sí i mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ṣẹ́gun rẹ̀.

Ti màlúù tán, ṣùgbọ́n ti ajá kò tíì tán. Àrùn tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù lára ajá ni dìgbòlugi. Ẹ mọ̀ ọ́n. Itọ́ ajá ni ó ń gbé e. Bí ajá tí ó ní i bá bu ènìyàn jẹ, àrùn náà yóò gba ojú ọgbẹ́ wọlé, yóò sì máa lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n púpọ̀ kí ẹnì kan tó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó ń pa nǹkan bí ènìyàn 59,000 lọ́dọọdún, àwa ará Áfíríkà àti àwọn ará Éṣíà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bù jẹ, mẹ́rin ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ọmọdé ni ó ń bá ajá ṣeré.

Ẹ fara balẹ̀ ka ibi tí a dé yìí, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí gbogbo òfin tí ó kù yé yín. Dìgbòlugi kì í hàn lọ́jọ́ tí ó wọlé. Ajá tí wọ́n bù jẹ lónìí lè máa jẹun, kí ó máa ju ìrù, kí ó máa ṣọ́lé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lára ènìyàn, oṣù méjì sí mẹ́ta ni ó sábà ń fara pamọ́. Nígbà mìíràn ó lè má pé ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún kan. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ fún ẹ̀ṣọ́ bodè pé, "Wò ó, ara ajá mi le," òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyẹn mọ ohun tí ó wà nínú ajá náà. Ojú kò lè rí i. Ìwé ni ó ń sọ ohun tí ojú kò rí, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni ó sì ń fi sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Káàdì abẹ́rẹ́ ni àkọ́kọ́. Nílé wa, kárínẹ̀ẹ́tì ni àwọn ènìyàn ń pè é, bí a ti ń pe ti ọmọ ìkókó. Dókítà ẹranko ni yóò gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, òun náà ni yóò kọ káàdì. Ajá gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ méjìlá kí abẹ́rẹ́ náà tó ní láárí níwájú àwọn ará Yúróòpù. Bí ẹ bá gún ọmọ ajá ṣáájú ìgbà yẹn, wọn kò ní kà á sí.

Ẹ má ṣe gba káàdì láìkà á. Ìdí tí ẹ fi kọ́ ìwé nìyí. Ẹ dúró níwájú dókítà, kí ẹ wo ohun tí ó kọ. Ṣé ó kọ orúkọ olówó ajá? Ṣé ó kọ orúkọ ajá, àwọ̀ rẹ̀, akọ tàbí abo, àti ọjọ́ orí rẹ̀? Ṣé ó lẹ bébà kékeré tí ó wà lára ìgò oògùn mọ́ káàdì? Bébà náà ṣe pàtàkì, nítorí orúkọ oògùn àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣé ó buwọ́ lù ú, ó sì tẹ òǹtẹ̀? Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́. Ọjọ́ méjì ni ó yẹ kí ẹ rí: ọjọ́ tí ó gún un, àti ọjọ́ tí agbára abẹ́rẹ́ náà yóò tán. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ ni ó ń ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọdún kẹ́yìn. 05/03 túmọ̀ sí ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, oṣù ni ó ń ṣáájú, nítorí náà wọn yóò ka ohun kan náà sí ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún. Ó sàn kí dókítà kọ orúkọ oṣù ní lẹ́tà.

Ọkùnrin kan mú káàdì ajá rẹ̀ wá fún mi kà nígbà kan. Ó fẹ́ mú ajá mẹ́ta kọjá, káàdì kan ṣoṣo ni ó ní. Mo bi í léèrè àwọn méjì yòókù. Ó ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n." Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àwọn dúánì kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ajá kan, káàdì kan. Lórí káàdì náà, ẹnì kan ti fi bíírò pa ọjọ́ kan rẹ́, ó sì kọ òmíràn lé e. Bóyá àṣìṣe lásán ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí a bá pa ọjọ́ rẹ̀ rẹ́, irọ́ ni àlejò yóò kà á sí. Bí dókítà bá ṣe àṣìṣe, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ òmíràn tí ó mọ́.

Bí ó bá jẹ́ Tógò tàbí Nàìjíríà ni ẹ ń lọ, káàdì abẹ́rẹ́ yìí àti ìwé ìlera láti ọwọ́ dókítà ẹranko ti ìjọba ni wọ́n sábà ń béèrè. Dókítà yóò yẹ ajá wò nígbà tí ìrìn àjò kù díẹ̀, yóò sì kọ ọ́ pé kò rí àmì àrùn kankan lára rẹ̀. Ẹ lọ bá a ṣáájú, kí ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì bi í bóyá ilẹ̀ náà tún ń béèrè nǹkan mìíràn, nítorí òfin ilẹ̀ kan kì í ṣe ti èkejì.

A mọ ohun tí àwọn ọdẹ yóò sọ: "Ta ni ó máa bi mí ní ìwé nínú igbó?" Òótọ́ ni, bóyá kò sí ẹni tí yóò bi yín. Ṣùgbọ́n ajá ọdẹ ni ó ń bá ìjímèrè àti ẹran ìgbẹ́ jà, òun ni ó ń bá ajá abúlé mìíràn pàdé, alẹ́ bá sì lẹ́, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yín ni ó ń sùn sí. Bí bodè kò bá béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ yín, ilé yín béèrè rẹ̀.

Ti Faransé àti àwọn ilẹ̀ Yúróòpù yòókù ni ó gùn jù. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń gba ajá wọn wọlé wẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹ ó gba ọ̀nà tí ó jìn.

Kí ẹnikẹ́ni tó gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọn yóò kọ́kọ́ fi ohun kékeré kan sí abẹ́ awọ ọrùn rẹ̀. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Puce ni àwọn Faransé ń pè é. Nọ́ńbà 15 ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ kan sì wà tí ó ń kà á láti òde. Wọ́n ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni má baà mú káàdì ajá kan wá fún ajá mìíràn. Ẹ rántí ọ̀rẹ́ wa tí ó ní ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Puce ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú abẹ́rẹ́, tàbí kí wọ́n ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣáájú puce, wọn kò ní ka abẹ́rẹ́ náà sí, ẹ ó sì gún òmíràn.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ ó dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó kéré tán. Dókítà yóò wá fa ẹ̀jẹ̀ ajá díẹ̀. Wọn yóò fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò tí àwọn ará Yúróòpù fọwọ́ sí. Ilé àyẹ̀wò tí ó jẹ́ olórí wọn nínú ọ̀rọ̀ dìgbòlugi wà ní Nancy, ní ilẹ̀ Faransé. Wọn yóò wò ó bóyá abẹ́rẹ́ náà ti mú ara ajá le tó láti bá àrùn náà jà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń wá ni 0.5, tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá tó, ẹ ó tún abẹ́rẹ́ gún.

Bí ó bá tó, ṣé ajá lè máa lọ? Rárá o. Oṣù mẹ́ta ni yóò tún dúró, láti ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bínú. Wọ́n ní, "Ẹ ti rí i pé ara rẹ̀ le, kí ni ẹ tún ń dúró dè?" Ẹ rántí ohun tí a kà lẹ́ẹ̀kan. Ó lè jẹ́ pé ajá mìíràn ti bu ajá yín jẹ kí ó tó gba abẹ́rẹ́. Bí àrùn náà bá ti wà nínú rẹ̀, oṣù mẹ́ta náà yóò fún un ní àyè láti hàn ní Bantè níbí, kí ó má baà jẹ́ pé àárín àwọn ọmọdé ní Lyon tàbí ní Paris ni yóò ti hàn. A kò gbọ́dọ̀ bínú sí ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni ajá ti ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa, tí àrùn náà wà lọ́dọ̀ wọn, àwa náà ìbá fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọjọ́ ṣe é, kí ó lè yé wa. Ká ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ni wọ́n fi puce sí ajá, tí wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 5 oṣù kejì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Ṣáájú ọjọ́ yìí, ajá kò lè wọ ilẹ̀ wọn. Ká wá ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ni yóò dé Paris. Ó ku ìwé kan: ìwé ìlera tí dókítà ìjọba yóò buwọ́ lù. Láti ọjọ́ tí ó bá buwọ́ lù ú títí di ọjọ́ tí ajá yóò dé ọ̀hún, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Bí ó bá buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún, ó dára. Bí ó bá buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin, ìwé náà ti gbó kí ajá tó dé. Ẹ rí i pé káàdì kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù kí á tó ṣe é, ìwé ìlera kò sì gbọ́dọ̀ yá jù.

Ọmọ ajá tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá yóò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méje kí ó tó lè lọ. Nítorí náà, ọmọ yín tí ó wá sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè mú ajá padà ní ìrìn àjò yìí. Ẹ sọ fún un kí ó má ṣe san owó ọkọ̀ ajá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé náà, kí ó wá mú un nígbà tí ó bá tún padà wá.

Ohun kan wà tí ó ń ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́ ní ìrọ̀rùn. Agbára abẹ́rẹ́ ń tán. Ọdún kan ni àwọn kan ń lò, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ náà wà lórí káàdì. Bí ẹ bá tún un gún kí ọjọ́ náà tó kọjá, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ti àtijọ́ ṣì dára. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó fi ọjọ́ kan péré kọjá, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́, ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ̀jẹ̀, oṣù mẹ́ta. Owó tí ẹ ti ná ti lọ.

Ti Ìlú Gẹ̀ẹ́sì le ju èyí lọ láyé àtijọ́. Ṣáájú ọdún 2000, oṣù mẹ́fà gbáko ni ajá tí ó bá ti òkèèrè dé máa ń lò ní àhámọ́ níbẹ̀, olówó rẹ̀ ni ó sì ń san owó oúnjẹ rẹ̀. Ìwé ni ó dá ọ̀pọ̀ ajá nídè kúrò nínú àhámọ́ náà. Amẹ́ríkà náà ní òfin tirẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè wọ ibẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní puce. Ológbò náà ń gba irú ìwé tí ajá ń gbà bí ó bá ń lọ sí Yúróòpù.

Àwọn Fúlàní darandaran ti mọ ọ̀rọ̀ ìwé yìí ṣáájú wa. Ní ọdún 1998, ní Àbújá, àwọn olórí ilẹ̀ CEDEAO fẹnu kò pé agbo ẹran tí yóò kọjá bodè gbọ́dọ̀ ní ìwé kan tí ó sọ iye ẹran, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gbà, ọ̀nà tí wọn yóò gbà àti ibi tí wọ́n ń lọ. Lẹ́yìn náà, ní ìparí ọdún 2019, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ fi òfin de dída ẹran wọlé láti ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ náà gùn, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.

A kò lè kúrò lórí dìgbòlugi láìsọ èyí. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ì báà ní káàdì, ì báà má ní, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ewé tàbí epo dí i. Ẹ gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ wà fún ènìyàn pẹ̀lú: ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885 ni Louis Pasteur fi í gba ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan là ní Paris, tí ajá bù jẹ. Ẹ má sì ṣe sáré pa ajá náà. Bí ẹ bá lè mú un láìfara pa, ẹ so ó mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko, kí wọ́n ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kì í ṣe dìgbòlugi ni ó fi bu ẹni náà jẹ. Bí ẹ bá ti pa á, tí ẹ sì ti jù ú nù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ mọ́.

Ó ku ibi tí ẹ ó tọ́jú ìwé sí. Ẹ má fi káàdì ajá há òrùlé, nítorí eku. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, kí ẹ kó o pọ̀ mọ́ káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ àti ìwé ìbí wọn. Bí ẹ bá ń lọ sí ìrìn àjò, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan sílé ní Savalou tàbí ní Kútọnu, kí èyí tí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà lọ́wọ́ yín. Má fi sínú ẹrù tí ọkọ̀ òfuurufú yóò gbé sí abẹ́. Lọ́wọ́ ni, nítorí ẹni tí yóò béèrè rẹ̀ yóò béèrè kí ẹ tó rí ẹrù yín gbà.